Ẹja Aláwọ̀ Wúrà: Ohun Tí Ọdẹ Orí Ẹ̀rọ Kọ́ Èmi àti Ọmọ Mi

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí tọdún yìí, ohun tí wọ́n rò pé n óò kọ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ nípa ẹja kan. Ẹja náà kò sí nínú odò kankan. Inú eré orí ẹ̀rọ tí àbíkẹ́yìn mi ń ṣe ló wà, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti wúrà. Kí ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá ilé Ifẹ̀.

Mo pè é ní tẹ́tẹ́

Ní ọdún 2024 ni àbúrò mi tó wà ní London fi ẹ̀rọ Nintendo Switch kan tí ọmọ rẹ̀ ti lò tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí àbíkẹ́yìn mi, pẹ̀lú eré kan tó ń jẹ́ Pokémon Scarlet. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà náà. Mo kà á sí nǹkan ìṣeré lásán, n kò sì bìkítà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń wá báírò nínú báàgì ìwé rẹ̀, ni mo bá rí ìwé kan tó kún fún òǹkà. Lókè ojú ewé àkọ́kọ́ ló kọ 1/4096 sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìlà kéékèèké wà, mẹ́rin mẹ́rin, tí ó fi ìlà karùn-ún dábùú, gẹ́gẹ́ bí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń ka ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ojú ewé bí mẹ́jọ ló kún bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe pọ̀ tó ní àdúgbò wa ní Kakuri, ẹ sì mọ iye ọmọ tí a ti pàdánù síbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi bèèrè ọ̀rọ̀. Mo gbá ọmọ náà létí, mo gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi. Ó ń sunkún, ó ń ṣàlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi kò sì fetí sí i.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi wá bá mi. Wọ́n ní, “Dádì wọn, ẹ ti na ọmọ yìí, ẹ ti gba nǹkan ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ wá lè bi í léèrè ohun tó ń kà?” Ojú tì mí. Mo pè é, mo ní kó jókòó, mo ní kó sọ tẹnu rẹ̀.

Ohun tó ń kà

Ọmọ mi ní ẹja lòun ń kà. Ó ní ará Japan kan tó ń jẹ́ Satoshi Tajiri, tó fẹ́ràn láti máa kó kòkòrò jọ nígbà èwe rẹ̀, ló pilẹ̀ eré náà, àti pé ní Febúárì 1996 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Japan. Iṣẹ́ ẹni tó bá ń ṣe é ni kó máa rìn kiri inú igbó àti etí odò, kó máa mú oríṣiríṣi ẹ̀dá, kó máa tọ́ wọn dàgbà. Ní ọdún 1999, nígbà tí wọ́n gbé Gold àti Silver jáde, wọ́n fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀dá kan lè ṣàdédé yọ ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Shiny ni àwọn ọmọ ń pè é. Kò lágbára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ rárá. Àwọ̀ nìkan ni, àti pé ó ṣọ̀wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí èèyàn bá pàdé ẹ̀dá 8,192, ọ̀kan péré ni a lè retí pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú àwọn eré tó jáde ní 2013 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀kan nínú 4,096.

Èyí tí ọmọ mi ń wá ni ẹja kan tó ń jẹ́ Magikarp. Pupa ni àwọ̀ rẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan ṣe ju kó máa fò sókè fò sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tọ́ ọ pẹ́, yóò di Gyarados, ẹran omi ńlá aláwọ̀ búlúù tí ẹnu rẹ̀ ń bani lẹ́rù. Bí Magikarp bá wá jẹ́ aláwọ̀ wúrà, Gyarados tí yóò dà yóò pupa bí ẹ̀jẹ̀. Nínú eré ti 1999, wọ́n fi irú Gyarados pupa bẹ́ẹ̀ sínú adágún omi kan, tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló máa bá a níbẹ̀. Ẹ̀bùn lèyí. Ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀ nínú Scarlet, àfi kó ṣọdẹ rẹ̀.

Ó ní, “Daddy, mo ti ka 2,310. Ó ku 1,786 kó jáde.”

Àpò ẹ̀wà

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ mi ti dé. Ìmọ̀ statistics ni mo fi gba dìpúlómà ní Poli, iṣẹ́ òǹkà ni mo sì ti ń ṣe láti ìgbà náà. Mo sọ fún un pé kíkà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìrònú rẹ̀ kò tọ̀nà.

Mo ní kó fi ojú inú wo àpò ẹ̀wà kan. Ẹ̀wà 4,096 ló wà nínú rẹ̀. Funfun ni gbogbo wọn, àfi ẹyọ kan ṣoṣo tó pupa. O di ojú, o ki ọwọ́ bọ inú àpò, o mú ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ funfun, o dá a padà, o ro àpò pọ̀, o sì tún mú òmíràn. Nítorí pé o ń dá a padà, ẹ̀wà inú àpò kì í dín. Ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì tí o ti mú kò já mọ́ nǹkan kan lójú àpò náà. Kò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́, kò sì jẹ ọ́ ní gbèsè.

A mú bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò, a jọ ṣe é. Bí ọmọ 100 bá pàdé ẹja 4,096 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 63 nínú wọn ni yóò rí aláwọ̀ wúrà, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bí 37 yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ka òǹkà náà pé. Ní ti 2,310 tó kà, nǹkan bí 57 nínú ọmọ 100 ni kò ní tíì rí nǹkan kan. Mo ní, “Àwọn tó pọ̀ jù nìwọ náà wà láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́ èpè lé ọ lórí.” Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ti ń rò pé orí òun ni kò dára.

Mo wá sọ fún un ìdí tí ìwé rẹ̀ fi já mi láyà. Ọ̀rọ̀ “ó kù díẹ̀ kó jáde” yìí gan-an ló ń mú kí ọkùnrin tó ti pàdánù owó oṣù rẹ̀ nílé tẹ́tẹ́ tún lọ yá owó ẹlòmíràn. Nínú eré tirẹ̀, owó kankan kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò wà níbẹ̀, owó sì ni àkókò jẹ́. Nígbà tí a parí, mo ṣí àpótí, mo dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ìgbájú náà. N kò tíì bẹ ọmọ rí nínú ayé mi. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé òun kò gbọ́ dáadáa.

Bí a ṣe ń ṣọdẹ láìfi agbára ṣòfò

Láti ọjọ́ náà, a sọ ọ́ di iṣẹ́ àjọṣe. Ọmọ mi ló mọ eré, èmi ni mo mọ òǹkà. Ohun mẹ́rin la fẹnu kò lé lórí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń ka ìwé yìí gbọ́ ọ.

Èkíní, kọ́kọ́ wádìí bóyá ohun tí o ń wá lè yọ níbi tí o wà. Àwọn ẹ̀dá kan wà tí àwọn tó ṣe eré náà ti tì pa pátápátá. Nínú Black àti White ti 2010, Reshiram àti Zekrom tí èèyàn máa bá pàdé kò lè jẹ́ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ láéláé. Koraidon tí ọmọ mi ń gùn kiri nínú Scarlet náà, bákan náà ni. Ẹni tó bá ń tan eré rẹ̀ pa, tó ń tan án padà ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nítorí irú wọn, inú àpò tí ẹ̀wà pupa kò sí ló ń ki ọwọ́ bọ̀.

Èkejì, mú kí ìgbà tí o ń ki ọwọ́ bọ àpò nínú wákàtí kan pọ̀ sí i. Nígbà tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó máa ń bá gbogbo ẹja jà kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àwọ̀ wúrà sì ń hàn láti òkèèrè nínú Scarlet, kò sí ìdí fún ìjà. Kó wò, kó kà, kó kọjá.

Ẹ̀kẹta, mú kí ẹ̀wà pupa inú àpò pọ̀ sí i. Nínú eré yìí, oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà. Nígbà mìíràn, irú ẹ̀dá kan máa ń ya dé ibì kan lọ́pọ̀ yanturu. Bí o bá ti ṣẹ́gun 60 nínú wọn, ẹ̀wà pupa rẹ di mẹ́ta nínú 4,096. Bí o bá kó gbogbo 400 ẹ̀dá tó wà nínú ìwé orúkọ ilẹ̀ Paldea pé, wọn yóò fún ọ ní nǹkan kan tó ń fi méjì kún un. Ọ̀nà tó wá mú ọkàn mi jù ni ti ẹyin. Èyí ni n óò padà sí.

Ẹ̀kẹrin, máa kọ òǹkà rẹ sílẹ̀ ní òtítọ́, kí o sì mọ ìgbà tí o máa dìde. Wákàtí kan lójúmọ́ la fi sí i nígbà ìsinmi. Nígbà ilé-ìwé, Sátidé nìkan, lẹ́yìn tó bá ti fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Bàbá lédè kan, ìyá lédè mìíràn

Ẹ wá gbọ́ ti ẹyin. Nínú eré yìí, bí o bá kó akọ àti abo jọ, wọn yóò fún ọ ní ẹyin, ọmọ á sì jáde nínú rẹ̀. Láti ọdún 2006, nínú Diamond àti Pearl, ni wọ́n ti ṣe é pé bí akọ bá wá láti inú eré tí wọ́n fi èdè kan ṣe, tí abo sì wá láti inú eré tí wọ́n fi èdè mìíràn ṣe, àyè pé kí ọmọ wọn jẹ́ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ á pọ̀ sí i gidigidi. Àwọn ọmọ ń fi orúkọ Junichi Masuda, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ṣe eré náà, pe ọ̀nà yìí. Nínú Scarlet, ẹ̀wà pupa mẹ́fà nínú 4,096 ni, ìyẹn ọ̀kan nínú 683. Akọ àti abo tí wọ́n bá jẹ́ elédè kan náà, ọ̀kan nínú 4,096 ni tiwọn síbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi sọ èyí fún mi, mo bi í léèrè pé kí ló dá a dúró. Ó ní gbogbo ọ̀rẹ́ òun tó ní irú ẹ̀rọ yìí ní Kàdúná, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Èdè 9 ni èèyàn lè yàn nínú eré náà, kò sí Yorùbá níbẹ̀, kò sí Háúsá. Láti bá àwọn ará òkèèrè ṣe pàṣípààrọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn gbọ́dọ̀ máa sanwó, èmi kò sì ṣe tán láti san án. Àmọ́ bí ẹ̀rọ méjì bá wà nítòsí ara wọn, ọ̀fẹ́ ni.

Ni mo bá rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni wá, ará Kétu kan ni ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́. Ẹ̀yin tó mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé ọmọ Kétu kan náà ni wá, ààlà tí àwọn òyìnbó fà ló fi Ìmẹ̀kọ sí Nàìjíríà, tó sì fi Kétu sí orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní irú ẹ̀rọ yìí. Èdè Faransé ló fi ń ṣe eré tirẹ̀.

Ọmọ mi gbé orí sókè, ó ní, “Daddy, ìgbà wo la máa lọ sílé?”

Ẹ̀yin òbí, n óò sọ òtítọ́ fún yín. Láti ọdún 2021 ni ọmọ yìí ti kọ̀ láti tẹ̀lé wa lọ sí Ìmẹ̀kọ. Nígbà tó lọ kẹ́yìn, àwọn ọmọ àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé kò gbọ́ Yorùbá. Ìyá mi bá a sọ̀rọ̀, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, àwọn méjèèjì wá ń wo ara wọn. Ẹ̀bi ta ni? Tèmi ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń bá a sọ nínú ilé láti ìgbà tó ti ń rákò, nítorí kó lè yege ìdánwò. Ó gbọ́ Háúsá ní àdúgbò, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé àti níléèwé. Yorùbá rẹ̀ kò ju “ẹ káàárọ̀” àti “mo fẹ́ jẹun” lọ. Ìyá mi sì ti lé ní 80 ọdún.

Ní Ìmẹ̀kọ

Ní Dìsẹ́ńbà 2024, a gba Abuja àti Lọ́kọ́ja, a sùn ní Abẹ́òkúta, a sì gba Ayétòrò wọ Ìmẹ̀kọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ rẹ̀ gba Ìlara dé láti Kétu.

Àwọn ọmọ méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọmọ Kétu kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tèmi kò gbọ́ Faransé. Nǹkan bí ìdajì wákàtí kọjá, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Mo wà nínú yàrá, mò ń yọjú lójú fèrèsé bí olè. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi.

“O... o ní abo?”

“Mo ní abo púpọ̀,” ni èkejì dáhùn. “Ìwọ ńkọ́, o ní akọ?”

“Mo ní akọ. Fún mi abo, èmi fún ẹ akọ.”

Kò pé, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Mo jókòó sórí ibùsùn, n kò lè sọ̀rọ̀.

Akọ kan lọ, abo kan bọ̀. Ẹja tó ti Kétu wá gbé orúkọ Faransé rẹ̀ lọ́wọ́, Magicarpe, kò sì yí i padà nínú eré ọmọ mi. Ohun tí ọmọ Kétu tún kọ́ ọ ni pé kó fi ẹ̀dá kan tí ara rẹ̀ gbóná bí iná sáàárín àwọn tó ń kó kiri, nítorí irú wọn máa ń dín ìrìn tí ẹyin nílò kó tó pa kù sí ìdajì. Ẹyin Magikarp fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń yá pa jù. Báyìí ni ọmọ mi fi ń pa nǹkan bí ẹyin 50 láàárín wákàtí kan.

Ìyá mi jáde wá bá wọn níbẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ, kí lẹ̀ ń kà?”

Ọmọ mi ní, “Ẹyin ni, Màmá.”

“Ẹyin? Adìẹ ta ni?” Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ tó ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, inú wọn kò dùn. Wọ́n fa àpótí ìjókòó wá, wọ́n ní kó kà á bó ṣe yẹ. Wọ́n kọ́ ọ pé lẹ́yìn ogún, ọ̀kan ló máa lé e, á lé e títí dé mẹ́rin, láti márùn-ún ni yóò sì ti máa dín lára ọgbọ̀n. Ọmọ mi fẹ́ràn èyí. Ó ní ìṣirò ni gbogbo rẹ̀, àròpọ̀ àti àyọkúrò. Nígbà tí wọ́n pa ẹyin kan, òun á pe òǹkà, Màmá á tún un ṣe, ọmọ Kétu á fa ìlà sínú ìwé. Nígbà tó pé igba, Màmá pàtẹ́wọ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ló ń pè é pé kó wá ka ẹyin rẹ̀.

Ọmọ Kétu náà ń pa ẹyin tirẹ̀. Ní orí ẹyin 112, aláwọ̀ wúrà jáde fún un. Ilé kún fún ariwo. Ọmọ mi bá wọn yọ̀, ṣùgbọ́n lálẹ́, ó wá bá mi. Ó bi mí ní Yorùbá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀: “Ṣé ó ti mú tèmi ni?”

Mo ní, “Rárá o. Àpò tirẹ̀ yàtọ̀, àpò tìrẹ yàtọ̀. Ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kò dín tìrẹ kù, kò sì fi kún un. Nínú ọmọ 100, nǹkan bí 15 ni yóò rí i kí ẹyin 112 tó pé. Ó bọ́ sí i lọ́wọ́ kíá, bá a dúpẹ́.” Mo rò nínú ara mi pé ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí àwa àgbà náà máa sọ fún ara wa nígbà tí wọ́n bá gbé ìgbéga fún ẹnìkejì wa níbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ tí a ń padà sí Kàdúná ní Jánúárì, ẹyin 311 ló ti pa. Kò rí nǹkan kan.

Irinwó ó dín mẹ́rin

Iléèwé wọlé, a padà sí Sátidé nìkan. Sátidé àkọ́kọ́ kọjá, òfo ni. Ní Sátidé kejì, mò ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi, ni mo gbọ́ tí ọmọ náà pariwo. Mo sáré dé yàrá rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà sí mi lójú. Ẹja kékeré kan wà níbẹ̀, ó ń fò sókè fò sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó ń tàn bíi wúrà. Òǹkà inú ìwé jẹ́ 396.

Ó gba fóònù mi. Ó kọ́kọ́ pe ọmọ Kétu, wọ́n jọ pariwo. Lẹ́yìn náà ló pe ìyá mi.

“Màmá, ẹ káàárọ̀. Ó ti jáde! Irinwó ó dín mẹ́rin ni.”

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti inú fóònù: “Irinwó ó dín mẹ́rin! Ọmọ mi, adìẹ wo ló yé gbogbo ẹyin yẹn?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn. Ó ń ṣì í sọ, ìyá mi ń tún un ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá a lọ. Wọ́n lò tó ìṣẹ́jú 20 lórí fóònù. Mo padà sídìí aṣọ mi, áyọ́ọ̀nù ti tutù.

Ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin òbí

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ohun tí n kò sọ. N kò ní kí ẹ lọ ra ẹ̀rọ eré fún àwọn ọmọ yín. Bí ọmọ kan bá fi eré gbàgbé ìwé rẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣe kí ẹ tó na ọwọ́. Ohun tí mo fẹ́ẹ́ fi ìgbájú lé lọ ni ó mú ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ ìyá mi.

Èkejì, nínú ọdẹ yìí ni mo ti rí àṣìṣe ara mi. Fún ọdún 14 ni mo fi ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tí mo sì ń retí pé lọ́jọ́ kan, Yorùbá á ṣàdédé yọ lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí kò ti lè yọ ni mo ti ń ṣọdẹ rẹ̀. Mo wá ń bínú sí ọmọ pé kò rí i. A kì í fi ìbínú mú kí ohun tó ṣọ̀wọ́n pọ̀. Ẹ̀wà pupa la máa ń fi kún inú àpò, lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Odò tó bá sì gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Nísinsìnyí, Yorùbá nìkan la ń sọ nílé wa láti òwúrọ̀ Sátidé títí di ọ̀sán, a sì ń pe Màmá lójoojúmọ́ Sunday. Àbíkẹ́yìn mi ṣì ń ṣì í sọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ “jẹ omi”. A rẹ́rìn-ín, a tún un ṣe, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹja náà ti dàgbà, ó ti di Gyarados pupa. Èmi àti ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ òǹkà tuntun fún ẹ̀dá mìíràn, a wà ní orí ẹyin 74, ẹ̀rìnléláàádọ́rin.

Mo kí gbogbo ẹgbẹ́ wa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a pàdánù àwọn ọmọ wa sí àjò, kí ó sì jẹ́ kí a fi ilé wa sílẹ̀ fún wọn pẹ̀lú èdè tí wọ́n máa fi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.